Wọ́n na gbogbo ẹni tí wọ́n pàdé, síbẹ̀ wọ́n ní ọ̀nà wọn ò le tó!

Ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá, ọdún 2023, kì í ṣe ọjọ́ tí àwọn ará ìlú Tallahassee, ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, máa gbàgbé bọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Florida State kóra jọ síwájú tẹlifíṣàn, wọ́n ń retí kí wọ́n pe orúkọ wọn. Kí ló tún fẹ́ dí wọn lọ́wọ́? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tàlá ni wọ́n gbá lọ́dún náà, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ni wọ́n ti jáwé olúborí. Wọ́n sì ti gba ife ẹ̀yẹ líìgì tiwọn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa pe àwọn mẹ́rin tó fẹ́ du ife gbogbo Amẹ́ríkà, Michigan, Washington, Texas àti Alabama ni wọ́n pè. Alabama kẹ̀! Alabama tí Texas ti nà nínú ilé ara ẹ̀! Ipò karùn-ún ni wọ́n fi Florida State sí, àwọn ọmọ náà kàn ń wojú ara wọn ni.

Bọ́ọ̀lù tó dá wàhálà yìí sílẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí Kanu àti Okocha gbá o. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí ṣóńṣó lápá méjèèjì, tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré, tí àwọn géńdé tó dé akoto á sì máa kọlu ara wọn bí àgbò. Ẹ má sì rò pé torí ó jẹ́ ti ọmọ yunifásítì, eré ọmọdé ni. Pápá ìṣeré yunifásítì Michigan nìkan gba èèyàn tó lé ní 107,000. Orúkọ Yorùbá pàápàá ò ṣàjèjì níbẹ̀. Olusegun Oluwatimi tó gbá bọ́ọ̀lù fún Michigan lọ́dún 2022 gba àmì-ẹ̀yẹ ńlá méjì lọ́dún yẹn, Olumuyiwa Fashanu ti Penn State náà sì di ẹni tí ẹgbẹ́ New York Jets mú lọ sí bọ́ọ̀lù olówó ní 2024. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn láàárín àwọn Òyìnbó yìí ń wọ yàrá ìgbàlejò àwọn ọmọ Oòduà kan náà lọ́hùn-ún.

Ẹni tó bá ń wo líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè máa wò ó pé kí ló le nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣebí ẹni tó bá ní pọ́ìntì jù ló gba ife? Ó rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ torí pé ogún ni wọ́n, oníkálukú sì máa bá àwọn mọ́kàndínlógún tó kù gbá lẹ́ẹ̀méjì, nílé lẹ́ẹ̀kan, lájò lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí Arsenal jẹ ni Chelsea náà jẹ. Tí wọ́n bá parí ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìyà tó jẹ òun ò jẹ ẹnì kejì.

Ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé tó wà nípele tó ga jù lé ní 130, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìlá péré sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń gbá kí wọ́n tó dé ìdíje àṣekágbá. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Àwọn tí ilé-ìwé kan máa pàdé lọ́dún kan ò tó ìdá mẹ́wàá gbogbo wọn. Wọ́n wá pín ara wọn sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, tẹ́ ẹ bá pe ìyẹn ní líìgì, ẹ ò jẹ̀bi. Èyí tí wọ́n ń pè ní SEC wà lápá gúúsù, òun ni ti Alabama, Georgia àti Florida. Big Ten ni ti Michigan àti Ohio State. ACC ni ti Florida State àti Clemson. Big 12 náà sì wà níbẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ gbogbo ọdún wọn ò sì kọjá pé: líìgì ta ló le jù? Ta ni wọ́n ń kó ẹran rírọ̀ fún, ta ló ń fi eyín fọ́ egungun?

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàlá kan ló máa ń jókòó dá ẹjọ́ yìí. Ohun tí wọ́n sọ fún Florida State kò ju méjì lọ. Èkíní, Jordan Travis, ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn tó sì ń darí àwọn tó kù, ti fẹsẹ̀ ṣẹ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Èkejì, àwọn tí Alabama bá jà lágbára ju àwọn tí Florida State bá jà lọ.

Ó ya, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èkejì yẹn bọ́ sójú oòrùn. Alabama na Ole Miss, ó na Tennessee, ó na LSU, ó wá na Georgia 27 sí 24 níbi àṣekágbá líìgì wọn, nígbà tó jẹ́ pé Georgia ò tíì fìdí rẹmi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n léraléra. Ìyẹn kì í ṣe kékeré, ẹni tó bá ní kékeré ni, àbòsí ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n Florida State náà bá LSU yìí kan náà gbá. Pọ́ìntì mẹ́rìnlá ni Alabama fi ju LSU lọ, 42 sí 28, nílé ara ẹ̀. Mọ́kànlélógún ni Florida State fi jù wọ́n lọ, 45 sí 24, ní Orlando tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ó lọ sílé Clemson, ó nà wọ́n. Ó lọ sí Gainesville, sílé Florida tí wọ́n jọ ń bínú ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́, tí Florida sì jẹ́ ọmọ SEC gidi, ọmọ tó rọ́pò Travis ló gbé e síbẹ̀, síbẹ̀ 24 sí 15 ló parí sí.

Èyí tó tún dunni jù wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ yẹn, Alabama àti Florida State, olúkúlùkù wọn ló pe ilé-ìwé kékeré kan láti ìpele ìsàlẹ̀ wá sílé, kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ láìlàágùn. Alabama fi 66 sí 10 lé Chattanooga lọ. Florida State fi 58 sí 13 lé North Alabama lọ. Inú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó rọ̀ jù yìí gan-an ni Travis ti fẹsẹ̀ ṣẹ́! Kì í ṣe Clemson ló ṣẹ́ ẹ, kì í ṣe LSU. Nígbà tí ìgbìmọ̀ já wọn sílẹ̀, ọmọ náà kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé pé ó wu òun kí ẹsẹ̀ òun ti ṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, kí wọ́n lè rí i pé ẹgbẹ́ náà ju òun nìkan lọ. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọlọ́mọ ń sọ sí ẹsẹ̀ ara ẹ̀.

Irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rírọ̀ bẹ́ẹ̀, àkàrà òyìnbó ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, torí ó máa ń yọ́ lẹ́nu. Owó ni wọ́n sì fi ń rà á. Ilé-ìwé ńlá á sanwó fún ilé-ìwé kékeré pé kó wá kí wọ́n lù ú, ilé-ìwé kékeré á gbowó, á fi ra bàtà àti aṣọ, á fi gbọ́ bùkátà àwọn eléré ìdárayá tó kù, á sì gbé ìyà relé. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni, kò sẹ́ni tí wọ́n fipá mú. Ìgbà tó dùn ni ìgbà tí àkàrà bá ha ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ́fun. Lọ́dún 2007, Michigan san $400,000 fún Appalachian State kó wá jìyà níwájú èrò tó lé ní 100,000. Appalachian State gbowó tán, ó na Michigan 34 sí 32, ó wọ mọ́tò lọ. Lọ́dún 2024, Notre Dame san $1.4 mílíọ̀nù fún Northern Illinois, 16 sí 14 ni àlejò fi gbẹ̀yẹ lọ́wọ́ onílé. Auburn tó wà ní SEC náà, Sátidé tí Alabama ń jẹ Chattanooga yẹn ni New Mexico State lọ nà án 31 sí 10 nílé ara ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, Auburn tí wọ́n nà yìí kan náà ku díẹ̀ kó bẹ́ Alabama lórí. Àfi ìgbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélọ́gbọ̀n kí eré parí ni Jalen Milroe ju bọ́ọ̀lù kan sí igun pápá tí Isaiah Bond fi gbá a mú, tó fi di 27 sí 24. Tí bọ́ọ̀lù yẹn bá jábọ́, ta ni ì bá máa sọ pé ọ̀nà Alabama le?

Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn SEC ní èsì. Wọ́n á ní ẹ wo ife. Wọ́n ò parọ́. Láti ìdíje ọdún 2006 títí dé ti 2012, ẹẹ̀méje léraléra ni ọmọ SEC gba ife gbogbo Amẹ́ríkà. Láti 2019 dé 2022, wọ́n tún gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin, LSU kan, Alabama kan, Georgia méjì. Ẹni tó bá ní ojúlé tí ife ń wọ̀ bẹ́ẹ̀ ò le, kó lọ yẹ ojú ẹ̀ wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wọ́ ni pé wọ́n sọ ife tó wà lọ́wọ́ Alabama àti Georgia di ohun tí gbogbo mọ̀lẹ́bí fi ń yangàn, títí kan ẹni tí kò gba nǹkan kan rí láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí SEC fi le, wọ́n á ní torí pé àwọn alágbára ló kún inú ẹ̀. Ẹ ní báwo lẹ ṣe mọ̀ pé alágbára ni wọ́n, wọ́n á ní torí pé SEC ni wọ́n wà. Tí Tennessee bá na Alabama, ẹ ò rí i bí Tennessee ṣe le tó? Tí Alabama bá na Tennessee, ẹ ò rí irú ẹni tí Alabama nà? Kò síbi tí owó náà já sí tí kì í wọ àpò líìgì kan náà. Ajá tó ń lé ìrù ara ẹ̀ ni.

Wọ́n ti gbìyànjú kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún kọ̀ǹpútà dá. Nígbà tí ètò tí wọ́n ń pè ní BCS bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, wọ́n fi ìṣirò bí ọ̀nà ṣe le sí sínú ẹ̀: wọ́n á ka iye ìgbà tí àwọn tẹ́ ẹ bá gbá jáwé olúborí, wọ́n á sì tún ka ti àwọn tí àwọn yẹn náà bá gbá. Ó dùn ún gbọ́ létí. Nígbà tó di 2003, àwọn oníròyìn àti àwọn kóòṣì dìbò, àwọn méjèèjì ló fi yunifásítì USC ti California sípò kìíní. Ìṣirò ní rárá, LSU àti Oklahoma ni kó lọ du ife, bẹ́ẹ̀ Kansas State ṣẹ̀ṣẹ̀ na Oklahoma 35 sí 7 ni! LSU gbà á, àwọn oníròyìn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gbé ife tiwọn fún USC. Ọba méjì láàfin kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ ìṣirò bí ọ̀nà ṣe le yẹn dànù.

Àwọn ìnira kan sì wà tí ìṣirò ò mọ̀. Ẹ wo UCLA ti Los Angeles lọ́dún 2024, ọdún tó kọ́kọ́ wọ Big Ten. Hawaii ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín omi òkun. Ó lọ sí Louisiana lọ pàdé LSU, ó lọ sí Pennsylvania, ó lọ sí New Jersey, ó lọ sí Nebraska, ó tún gòkè lọ sí Washington. Ọmọ ogún ọdún tó ń kàwé ni wọ́n ń fi bàálù gbé káàkiri bẹ́ẹ̀, tí aago ilé ẹ̀ àti aago ibi tó balẹ̀ sí fi wákàtí mẹ́ta yàtọ̀ síra, tí ìdánwò sì ń dúró dè é. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ni wọ́n borí nínú méjìlá. Èwo nínú òǹkà ni wọ́n kọ oorun tí wọn ò sùn sí?

Owó ló wà nídìí gbogbo ẹ̀, kẹ́ni kan má tan yín. Lọ́dún 2024 tí wọ́n sọ àwọn tó ń du ife di méjìlá, ilé-ìwé tó bá wọlé lásán, $4 mílíọ̀nù ló gbé wá fún líìgì ẹ̀, tó bá dé ìpele tó kàn, $4 mílíọ̀nù míì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kò tó ogúnjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n já Florida State sílẹ̀ tí ó fi gbé líìgì ACC lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá, 2023, pé òun fẹ́ wá ọ̀nà kúrò. Oṣù kẹta 2025 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Florida State ti lọ pàdé Georgia nínú Orange Bowl, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ọmọ ẹ̀ ló kọ̀ láti gbá a, Georgia sì fi 63 sí 3 ṣe wọ́n bí ọṣẹ ṣe ń ṣe ojú. Làwọn ọlọ́rọ̀ bá ní ẹ ò rí i pé ìgbìmọ̀ jàre? Kò jàre o. Àwọn tó borí ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá kọ́ ló wà lórí pápá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti fi ìbànújẹ́ lé wọn sílé ná, wọ́n tún fẹ́ fi òkú wọn jẹ́rìí. Ẹgbẹ́ tó bá na gbogbo ẹni tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀, tó sì gba ife líìgì ńlá, ó yẹ kó wọlé. Àwọn tí wọ́n máa bá gbá, ọdún púpọ̀ ṣáájú ni àwọn ọ̀gá ti máa ń tọwọ́ bọ̀wé ẹ̀. Ìwé tí Alabama àti Texas fi pàdé ní 2023 yẹn, 2018 ni wọ́n ti kéde ẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbá a ṣì wà nílé-ìwé girama níwájú ìyá wọn. Kí ló kan ọmọ náà nínú ẹ̀?

Lọ́dún 2024, ọ̀rọ̀ yí padà sí Alabama fúnra ẹ̀. Wọ́n na Alabama lẹ́ẹ̀mẹta, Vanderbilt tó ti ń jẹ́ ẹran ìjẹ fún wọn wà nínú àwọn tó nà án. Ìgbìmọ̀ já a sílẹ̀, wọ́n mú SMU àti Indiana. Háà, ariwo ta! Wọ́n ní Indiana ò bá ẹnikẹ́ni jà, pé nínú Big Ten tó ní ẹgbẹ́ méjìdínlógún, kò pàdé Oregon, kò pàdé Penn State, Ohio State tó pàdé ló fi 38 sí 15 nà án. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n sì wọlé tí Notre Dame na Indiana, tí Penn State fi 38 sí 10 gbo SMU, ẹnu àwọn ará gúúsù tún gùn sí i.

Curt Cignetti tó jẹ́ kóòṣì Indiana ò bẹ ẹnikẹ́ni. Àkàrà òyìnbó mẹ́ta ló tún tò síwájú tábìlì fún 2025: Old Dominion, Kennesaw State, Indiana State. Wọ́n tún fagi lé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bá Virginia gbá ní 2027 àti 2028. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní bí àwọn SEC ṣe ń tò ó làwọn náà fẹ́ máa tò ó. Ẹ̀gún gidi nìyẹn, torí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án ni Big Ten ń gbá láàárín ara wọn, SEC ò kọjá mẹ́jọ nígbà náà, ẹ̀kẹsàn-án yẹn ni wọ́n máa fi ń jẹ irú Chattanooga nígbà yẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Indiana na Oregon nílé Oregon, ó na Ohio State 13 sí 10 níbi àṣekágbá líìgì. Lọ́jọ́ kìíní ọdún 2026, nínú Rose Bowl, ó pàdé Alabama. 38 sí 3. Ó tún pàdé Oregon, 56 sí 22. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní, ó na Miami 27 sí 21, nínú pápá tí Miami fi ṣe ilé, ó gba ife. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rìndínlógún, kò pàdánù ọ̀kan. Ọdún kẹta léraléra nìyẹn tí ife wọ Big Ten: Michigan, Ohio State, Indiana.

Ṣé ọ̀nà Indiana wá le ni àbí kò le? Tí ẹ bá ka oṣù kẹsàn-án ẹ̀, bí ẹni ń mu ògì ni. Tí ẹ bá ka oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, òkè Olúmọ ni wọ́n fi ẹsẹ̀ òfìfo gùn. Ẹgbẹ́ kan náà ni, ọdún kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ bú u á mú ti oṣù kẹsàn-án, ẹni tó bá fẹ́ yìn ín á mú ti oṣù kìíní.

SEC alára ti kéde nínú oṣù kẹjọ 2025 pé bẹ̀rẹ̀ láti 2026, àwọn náà á máa gbá mẹ́sàn-án láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé lọ́dọọdún, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ ló máa lé sí ti tẹ́lẹ̀ láàárín wọn, mẹ́jọ nínú wọn gbọ́dọ̀ jìyà nínú ẹ̀, ibi tí Chattanooga ti ń jìyà fún wọn tẹ́lẹ̀.